Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ẹní fóòmù ṣe ìhámọ́ra akọni inú kátúùnù nínú yàrá ní Johannesburg?

Ẹní fóòmù aláwọ̀ mèremère tí àwọn òbí máa ń tò sílẹ̀ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá má baà forí gbálẹ̀, tí etí rẹ̀ máa ń há sínú ara wọn, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Johannesburg, lórílẹ̀èdè South Africa, iṣẹ́ mìíràn tún wà tí wọ́n ń fi í ṣe. Àwọn kan ń rà á, wọ́n ń gé e, wọ́n ń fi ooru tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì ń kùn ún títí tí yóò fi di ìgbàyà, ìbọ̀wọ́ àti àṣíborí akọni inú kátúùnù. Tí ọjọ́ ayẹyẹ bá wá pé, wọ́n á gbé e wọ̀, ó di Comic Con Africa.

Cosplay ni gbogbo ayé ń pe irú ìmúra báyìí. Akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Nobuyuki Takahashi, ló fún un lórúkọ náà ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n àṣà ọ̀hún ti wà kí orúkọ tó dé. Lọ́dún 1939, níbi àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní New York, Forrest Ackerman àti Myrtle Douglas wọ aṣọ àwọn ará ọjọ́ iwájú wọlé. Myrtle Douglas ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ méjèèjì.

Ní Johannesburg, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni Comic Con Africa bẹ̀rẹ̀ ní Kyalami, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà dá a dúró, ó padà wá lọ́dún 2022 sí gbọ̀ngàn Johannesburg Expo Centre ní Nasrec, tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré tí wọ́n ti gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2010. Ní 2022 àti 2023, ọjọ́ 22 sí 25 oṣù Kẹsàn-án ló wáyé, ó sì bọ́ sí Ọjọ́ Àjogúnbá, ìyẹn ọjọ́ 24 oṣù náà, tí àwọn ará South Africa máa ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn jáde. Nínú ìlú kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan wọ ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Zulu, ẹnì kejì wọ ìhámọ́ra fóòmù. Ní tèmi o, mi ò rí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì.

Ta lẹ fẹ́ dà?

Ẹni tó bá fẹ́ dà Spider-Man, owó nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Aṣọ náà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi rẹ́rẹ, ti ọmọdé, ti àgbà, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dà Komana, Zee, Monde tàbí Temwe ńkọ́? Àwọn ni ọmọbìnrin mẹ́rin inú Supa Team 4, kátúùnù tí Netflix gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2023. Malenga Mulendema, ọmọ ilẹ̀ Zambia, ló ṣẹ̀dá rẹ̀, Lusaka ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti wáyé, iléeṣẹ́ Triggerfish tó wà ní Cape Town sì wà lára àwọn tó ṣe é. Inú oṣù kan náà ni Disney+ gbé Kizazi Moto jáde, àkójọ eré kéékèèké mẹ́wàá láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Moremi ni wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn, Shofela Coker, ọmọ Nàìjíríà, ló sì darí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2024, Iwájú dé, èyí tí iléeṣẹ́ Kugali àti Disney jọ ṣe nípa ìlú Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó kan Iyanu, ọmọ òrukàn inú ilẹ̀ Yorùbá tí Roye Okupe kọ ìtàn rẹ̀, lórí Cartoon Network.

Kò tó ọdún méjì tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀. Àwọn akọni náà yára dé ju ọjà aṣọ wọn lọ. Ẹ kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ bá Iyanu lórí àtẹ bí ẹ ṣe máa bá Spider-Man. Bí ẹnikẹ́ni bá máa rí i kó máa fẹsẹ̀ rìn ní Nasrec, àfi kí ẹnì kan jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó ṣe é.

Ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Lọ́dún 2010, ọ̀dọ́mọbìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Chaka Cumberbatch, múra bíi Sailor Venus, akọni onírun wúrà inú kátúùnù ilẹ̀ Japan. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ohun tó ti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà jáde ni ìpolongo tó dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, pé kí wọ́n máa fi àwòrán àwọn adúláwọ̀ tó ń ṣe cosplay hàn ní gbogbo ọjọ́ 28 inú oṣù Kejì. Òótọ́ ni pé kò sí òfin tó ní kí adúláwọ̀ má dà Sailor Venus. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó jẹ́ ará Soweto lè fẹ́ wọ aṣọ akọni tó jọ òun gan-an, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi í ní ìbéèrè.

Kátúùnù kì í ní síìpù

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó ń ya kátúùnù kì í ronú kan ẹni tó máa wọ aṣọ náà. Orí akọni lè fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ, ọrùn rẹ̀ sì lè rí tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kì í ní síìpù, kì í ní bọ́tìnì, kò sì sẹ́ni tó rí i rí kó máa wá ilé ìtọ̀. Ẹni tó ń ṣe é nílé ló máa wá ojútùú sí gbogbo ìyẹn.

Nítorí náà, kí ọ̀bẹ tó kan fóòmù, wíwò ló ṣáájú. Wọ́n á máa dá eré náà dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ya ohun tó wà lójú ẹ̀rọ: iwájú akọni náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà tó gbé apá sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ṣòro rí, nítorí pé akọni kì í sábà kẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ni wíwọn ara. Télọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀, àmọ́ ìgbàyà kì í ṣe bùbá tó máa gba ara mọ́ra. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí èèyàn wọ ẹ̀wù ògbólógbòó kan tí kò ní dùn ún bó bá bàjẹ́, kí ẹlòmíì wá fi téèpù fífẹ̀ yí i lára láti ọrùn dé ìbàdí. Wọ́n á fi bírò ya ilà ìgbàyà náà sórí téèpù, wọ́n á rọra fi sísọ́ọ̀sì la ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹni náà lè bọ́ ọ, wọ́n á sì tún gé e lójú ilà títí tí ègé kọ̀ọ̀kan á fi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Ara èèyàn ti di bébà nìyẹn. Fún orí, ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi bo irun, kí téèpù tó tẹ̀lé e. Wọn kò gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ dá a ṣe láìsí ẹnìkejì nítòsí.

Fóòmù tó nípọn tó mílímítà 10 ló dára fún ìgbàyà àti èjìká. Èyí tó jẹ́ 5 tàbí 6 rọrùn láti tẹ̀, òun ni wọ́n ń lò fún àṣíborí, èyí tó jẹ́ 2 sì wà fún ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò mú máa ń fa fóòmù ya ni, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi máa ń pààrọ̀ abẹ rẹ̀ léraléra. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ègé méjì pàdé ní igun, wọ́n á dá ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń gé e.

Ooru ló ń sọ fóòmù di ohun tí èèyàn ń fẹ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde, ó jọ èyí tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, ṣùgbọ́n ó gbóná jù ú lọ fíìfíì. Bí atẹ́gùn náà bá ti ń fẹ́ sára fóòmù, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló ń dí yẹn, kò sì ní máa fa ọ̀dà mu mọ́. Nígbà tó bá ṣì gbóná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún tàbí ìdí abọ́, wọ́n á dì í mú títí tí yóò fi tutù. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló máa wà.

Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmẹ́kà ló ń so ó pọ̀. Wọ́n á fi pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n á ní sùúrù títí kò fi ní máa lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí wọ́n tó mú wọn pàdé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bó bá lẹ̀ ní wíwọ́, ọ̀bẹ ló máa yà wọ́n.

Ibi gọ́ọ̀mù yìí gan-an ni ewu wà, ó sì ju ọ̀rọ̀ òórùn tó ń fa orí fífọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí kó tó di ìparí oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹfà àti Keje ló máa fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbà òtútù nìyẹn ní Johannesburg, ìlú tó ga ju okun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,750. Òtútù alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn èèyàn á ti fèrèsé, wọ́n á sì tan ẹ̀rọ amúléwóoru tó ń lo gáàsì tàbí kẹrosíìnì. Bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tó ń jáde lára gọ́ọ̀mù náà máa ń gbiná. Yàrá kan ṣoṣo, fèrèsé tó wà ní títì, agolo gọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀, iná tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn: kò yẹ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wà pọ̀. Ìta ni ibi tó dára jù, lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá mú. Bákan náà ni eruku fóòmù tí wọ́n bá fi bébà yíyi ha. Kò dára kó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìbòmú sì ń dènà rẹ̀.

Ní ti ọ̀dà, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni ọ̀pọ̀ máa fi ń pa á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kí àwọ̀ tó kàn án. Àwọn tó ń ṣe ìhámọ́ra inú fíìmù máa ń fi dúdú pa á lára kó lè dà bí irin tó ti jagun. Ti kátúùnù yàtọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó mọ́ lóló. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi ọ̀dà dúdú fa ilà sí etí gbogbo ègé, kó lè dà bíi pé ẹnì kan fi bírò yà á. Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ nínú èrò, ojú ẹni tó ń wò ó á kọ́kọ́ tàn án jẹ.

Fordsburg, Eskom àti fìlà ìyàwó ilé

Fún aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ sábẹ́ ìhámọ́ra, Oriental Plaza ní Fordsburg lọ̀pọ̀ máa ń lọ. Ọjà náà ní ìtàn tó burú. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1970 fún àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ India tí wọ́n lé kúrò ní òpópónà 14th Street ní Pageview. Lónìí, aṣọ ọ̀pá lóríṣìíríṣìí ló kún ibẹ̀, síìpù, rọ́bà, òwú àti bọ́tìnì pẹ̀lú. Kí ẹ mú àwòrán akọni náà dání, nítorí "àwọ̀ búlúù" kì í ṣe ẹyọ kan.

Àwọn tó lágbára díẹ̀ máa ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, tó ń yọ́ okùn ike tó sì ń tò ó lé ara rẹ̀ títí tó fi máa di odindi nǹkan. Àṣíborí kan lè gba odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ wá ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dún 2023, tí iléeṣẹ́ iná ọba Eskom ń mú iná lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iná lọ, ẹ̀rọ dúró, ike tutù. Nígbà tí iná bá dé, àwọn ẹ̀rọ kan lè tẹ̀síwájú níbi tí wọ́n dúró sí, àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Láti ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀ gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún yọjú fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún 2025. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí èyí. Bẹ́ẹ̀ kí iná lọ ní ìgbà mẹ́wàá, ọ̀bẹ àti fóòmù á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ 3D yìí náà ló ṣe adé funfun tí Ayaba Ramonda dé nínú Black Panther ọdún 2018. Ruth Carter, tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún aṣọ inú fíìmù náà, wo isicholo, fìlà rìbìtì tí àwọn obìnrin Zulu tó ti lọ́kọ máa ń dé, ó sì gbé e fún Julia Koerner pé kó bá òun yà á sórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ohun tó ti South Africa lọ sí Hollywood ni ẹni tó jókòó sí Johannesburg ń gbìyànjú láti ṣe padà. Ó lè kúkú fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Orí ńlá nílò atọ́kùn

Bí akọni náà bá ní orí tó tóbi bíi ti ẹranko inú kátúùnù, iṣẹ́ mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ yẹn. Fóòmù àga ni wọ́n á fi mọ orí náà kó má baà wúwo. Ojú rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀n wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn. Ẹni tó wà níta á rí ojú kátúùnù, ẹni tó wà nínú á máa ríran gba inú àwọn ihò rẹ̀, nítorí pé inú ṣókùnkùn ju ìta lọ. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n so mọ́ bátìrì tí a fi ń sá fóònù, ni wọ́n máa ń fi síbi àtàrí.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí débí á ti máa rántí eégún. Àfiwé náà ní ibi tó mọ. Ẹ̀kú kì í ṣe aṣọ eré, ará ọ̀run ni àwọn tó ni í gbà pé ó wà nínú rẹ̀, a kì í sì í béèrè ẹni tó gbé e. Nínú cosplay, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ta ló ṣe é. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló sún mọ́ ọn jù, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2008 ní orúkọ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Wọ́n á gbé ère tí wọ́n gbẹ́ lé orí, oníjó á sì máa ríran gba inú aṣọ tó bo ojú rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí eégún mọ̀ tipẹ́, tí ẹni tó wọ orí ńlá ní Nasrec náà kò lè ṣe aláìní: atọ́kùn. Kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò rí ọmọ kékeré tó sáré wá dì mọ́ ọn, kò lè mu omi láìsí ẹni tó máa ti sítírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ kan gbọ́dọ̀ máa bá a rìn, tó máa là á lọ́nà, tó sì máa sọ pé "ó tó, ká lọ bọ́ ọ" kí òòyì tó kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Johannesburg fún ẹni tí kò bá fẹ́ ki orí sínú ooru yẹn. Lọ́dún 2007, The Lion King ni wọ́n fi ṣí gbọ̀ngàn eré Teatro ní Montecasino. Kátúùnù ọdún 1994 tí gbogbo wa mọ̀ ni ìtàn náà, Lebo M, ọmọ Soweto, sì wà lára àwọn tó ṣe orin rẹ̀. Julie Taymor tó ṣe aṣọ eré orí ìtàgé náà kò gbé orí kìnnìún bo ẹnikẹ́ni lójú. Òkè orí òṣèré ni ìbòjú Mufasa wà, ojú òṣèré fúnra rẹ̀ sì hàn kedere nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe tóbi tó lójú èrò, kò wúwo tó ìdajì kílò.

Adájọ́ á yí i sódì

Níbi ìdíje cosplay, àwọn adájọ́ kì í wo iwájú nìkan. Wọ́n á béèrè bí olùdíje ṣe ṣe é, wọ́n á wo ojú ìrán inú aṣọ, wọ́n á fọwọ́ kan ibi tí ègé méjì ti pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje báyìí, olùdíje gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lòun ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń ya fọ́tò iṣẹ́ náà láti ọjọ́ téèpù. Èmi máa fi máàkì mi fún àṣíborí tó wọ́ díẹ̀ tí olówó rẹ̀ mọ ìdí tó fi wọ́, ju èyí tó dán gbinrin tó ti inú páálí jáde lọ.

Kí wọ́n tó débẹ̀, ọ̀nà wà láti rìn. Èjìká tó fẹ̀ tó mítà kan kò lè wọ táksì elérò tó ń lọ láti àárín ìlú, nítorí náà ìhámọ́ra gbọ́dọ̀ ṣeé tú sí wẹ́wẹ́, kí rọ́bà àti Velcro máa so ó padà. Ìbọn fóòmù, bó ti wù kó láwọ̀ tó, inú àpò ló gbọ́dọ̀ wà títí wọ́n á fi wọnú ọgbà ayẹyẹ, níbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ìgboro Johannesburg kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gbé ohun tó jọ ìbọn kiri.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ náà ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìhámọ́ra sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn, ooru tó mọ ọ́n náà ló máa tú u: fóòmù á tẹ́, gọ́ọ̀mù á ṣí. Inú báàgì atọ́kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àti sítírọ́ọ̀, ni agolo gọ́ọ̀mù kékeré, abẹ́rẹ́ pẹ̀lú òwú, téèpù, pínnì àti ègé fóòmù tó ṣẹ́kù máa ń wà.